Àwòrán Òkè Lórí Àkísà

Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti tú mi sílẹ̀ nínú igbó, mi ò kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà mọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Bẹ́yẹrúnká, ojú títì ni mo kọjú ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀kan lára àwọn oníwàásù ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n wọ̀ sí mọ́ṣáláṣí wa wọlé tọ̀ mí wá. Irùngbọ̀n rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, mo na ọwọ́ sí sísọ́ọ̀sì mi. Ṣòkòtò rẹ̀, tó fẹ̀ bíi kẹ̀ǹbẹ̀, ló ya. Mo fún un ní ìró ìyàwó mi kó ró o, mo sì bi í pé níbo ló ti wá.

Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ju tèmi lọ. Ó mú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sáṣọ, ó ya òkè ńláńlá sórí àkísà dúdú, àti ọ̀nà tóóró láàárín wọn. Káíbà lorúkọ ọ̀nà náà. Ẹ̀yà Áfrídì, ẹ̀yà tirẹ̀ lára àwọn Páṣítúnì, ló ń ṣọ́ ọ. Ó fa ìlà kan: Pakísítánì níhìn-ín, Afiganísítánì lọ́hùn-ún. Páṣítò ni wọ́n ń sọ nílé, Úrúdù ni wọ́n ń kọ́ nílé ìwé. Láyé àtijọ́, ọba tàbí òyìnbó tó bá fẹ́ kọjá, àfi kó bá àwọn àgbà wọn jókòó sọ ọ́. Mo ní oníbodè ni wọ́n nìyẹn.

Ó ní, "Ẹni tó bá sá wọlé wa, a kì í fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bó jẹ́ ọ̀tá wa pàápàá."

Ariwo sọ níta. Ọmọ kan ti sọnù l'Ọ́jà'ba. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá àjèjì kiri dí ẹnu ọ̀nà mi, ọ̀kan gbé táyà dání. Wọ́n rí àkísà náà.

"Ẹ wò ó! Máàpù ibi tí wọ́n ń kó èèyàn pa mọ́ sí nìyí!"

"Bàbá télọ̀, ẹ̀yin náà ni wọ́n gbé lọ níjọ́sí. Ẹ wojú ẹ̀ dáadáa. Ṣé ó wà níbẹ̀?"

"Ẹ fi bàbá sílẹ̀ jàre, ẹ̀rù ti ń bà wọ́n."

Àlejò náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ mi. Bí mo bá kàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ti kú.

"Mi ò rí ojú wọn," ni mo wí, "ṣùgbọ́n mo mọ ohùn wọn. Kò sí níbẹ̀." Mo gbé ìyókù mì: Yorùbá tó dán bíi tàwọn ọ̀dọ́ yìí ni àwọn ajínigbé yẹn fi ń halẹ̀ mọ́ mi. "Inú agboolé Mọ́gàjí lẹ wà yìí. Ẹni tó bá fẹ́ mú àlejò níhìn-ín, kó lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn."

"Àti pé ajínigbé wo ló ń ró ìró obìnrin?" ni ìyá àgbà kan wí láti ẹ̀yìn wọn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Mọ́gàjí, olórí agboolé wa, jáde, pákò lẹ́nu. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n kàn jókòó ti àlejò náà nílẹ̀. Ẹni tó gbé táyà ló kọ́kọ́ yí padà. Ìrọ̀lẹ́ la tó gbọ́ pé abẹ́ tábìlì ìyá rẹ̀ lọmọ náà sùn lọ sí.

Mo padà sídìí ṣòkòtò náà. Òwú kọ̀, kò wọ ojú abẹ́rẹ́. Ọkùnrin náà gbà á lọ́wọ́ mi, ó lá ẹnu òwú, ó sì ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ fún mi.