Ìbéèrè Tí Bàbá Mi Ń Bi Tíṣà Láràárọ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ tíṣà kan ní Ìlá, àti bí mo ṣe gbẹ̀san. Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbẹ̀san! Ẹni tó bá fẹ́ wàásù ìdáríjì fún mi, kó kọ́kọ́ kà á tán.

Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọmọ máa lọ sílé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ ni mo wọ kíláàsì kìíní. Bàbá mi ò rí ìdí tí ọmọ obìnrin fi ní láti mọ̀wé. Ìyá mi ló bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní lọ́jọ́ tí àwọn bá gbọ́ pé mi ò mọ nǹkan kan, oko yá nìyẹn. Ẹ ṣáà fi èyí sọ́kàn.

Àtòrì kì í kúrò lọ́wọ́ tíṣà wa, Tíṣà Alátòrì la sì ń pè é lẹ́yìn. Ẹ má bi mí ìdí tí mi ò fi pè é ní “wọ́n”. Kò tọ́ sí i. Bó ṣe ń kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì ni pé á gbé nǹkan sórí tábìlì, bóyá ife tàbí òkúta, á ní ká sọ ohun tó wà níbẹ̀. “There is a cup on the table.” Gbogbo kíláàsì á máa fà á bí orin. Ògiri kíláàsì wa ò ga ju àyà lọ, ẹ̀bá ọ̀nà oko ló sì wà, kò sí àgbẹ̀ tó ń kọjá tí kì í gbọ́ wa.

Lọ́jọ́ kan ó gbé ife sílẹ̀, ó ní kí n dìde. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ti lọ odò kí n tó wá. Ẹnu mi kàn kú ni. Ṣé ó nà mí? Ì bá nà mí, ì bá sàn! Ó nu pátákó, ó kọ ọ́ gàdàgbà: “There is nothing in Wúràọlá’s head.” Ìyẹn ni pé kò sí nǹkan kan nínú orí Wúràọlá. Èmi ni Wúràọlá. Láti ọjọ́ náà, láràárọ̀, òun á ké “There is nothing,” ogójì ẹnu á parí rẹ̀. Èmi náà gbọ́dọ̀ dá sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àtòrì.

Ibi tó dùn mí jù ń bọ̀.

Bàbá mi ń kọjá lọ sóko, wọ́n gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu gbogbo kíláàsì. Orúkọ ọmọ àwọn, nínú Gẹ̀ẹ́sì! Wọn ò gbọ́ èdè náà rárá. Kí lẹ rò pé wọ́n ṣe? Wọ́n ṣa iṣu mẹ́wàá, wọ́n mú àkùkọ kan sí i, wọ́n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ tíṣà pé ó ń yin ọmọ àwọn. Èmi ni mo ru iṣu náà. Tíṣà wò mí, ó wo bàbá mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Bàbá, ẹ ṣeun. Ọmọ yín ń gbìyànjú.”

Ó sì gba àkùkọ!

Bàbá mi wá kọ́ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì náà sórí. Wọ́n ń fi ṣe fáàrí fún àwọn ẹgbẹ́ wọn lóko, wọ́n ń fi rẹ ọmọ tuntun lẹ́kún nílé. Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Tí mo bá sọ ìtumọ̀ rẹ̀, oko yá. Tí mi ò bá sọ, bàbá mi á máa bú mi láìmọ̀. Mo gbé e mì. Ṣùgbọ́n mo ti lérí sí tíṣà yẹn nínú ikùn mi.

Nígbà tó yá, wọ́n ní sípẹ́kítọ̀ ń bọ̀ wá wo ilé ìwé. Wọ́n pe àwọn bàbá wa wá ro àyíká. Tíṣà fi mí sẹ́yìn pátápátá, ó ní mi ò gbọdọ̀ nawọ́. Sípẹ́kítọ̀ dé, ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni. Ó béèrè ẹni tó lè sọ ohun tó wà nínú kíláàsì. Mo nawọ́. Tíṣà ń ṣẹ́jú sí mi, mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Sípẹ́kítọ̀ ní kí n dìde.

Mo fi ohùn tíṣà gan-an ké e: “There is nothing!”

Ó ti mọ́ wọn lára. Ogójì ẹnu parí rẹ̀: “In Wúràọlá’s head!” Bàbá mi tó wà níta pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́ náà gbè é. Ohùn wọn ló ga jù.

Sípẹ́kítọ̀ wo tíṣà, ó wá yíjú síta. Ó bi bàbá mi bóyá wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́n dáadáa, ọmọ àwọn ni wọ́n ń yìn. Ó rọra sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún wọn ní Yorùbá.

Mo ti ro gbogbo rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n mi ò ro ojú bàbá mi sí i. Wọ́n kàn gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, wọ́n lọ. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Mo ní ó parí, oko yá.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn fúnra wọn ló gbé síléètì mi lé mi lọ́wọ́. Wọ́n tẹ̀lé mi dé ilé ìwé, wọ́n fọwọ́ lé ògiri.

“Tíṣà, ẹ káàárọ̀. Kí ló wà nínú orí ọmọ mi lónìí?”

Tíṣà wo ilẹ̀, ó ní ọgbọ́n ni.

“Ẹ nu pátákó, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀.”

Ó nù ún, ó kọ ọ́. Gbogbo wa kà á. Ṣé ẹ rò pé ó tán? Wọ́n tún padà wá lọ́jọ́ kẹta, wọn ò sì gba ti àná. Láràárọ̀ ni tíṣà ń wá nǹkan tuntun tó wà nínú orí mi! Kí sáà náà tó parí, ó ti bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé òun lọ sí ilé ìwé mìíràn ní Ọ̀rà. Lọ́jọ́ tó ń dẹrù, bàbá mi yà kí i, wọ́n sì béèrè àkùkọ wọn.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni wọ́n kọ nípa yín sí pátákó nígbà èwe yín, ta ló sì bá yín nù ún? Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́. Ní tèmi, ẹni tó kọ ọ́ gan-an ni bàbá mi mú kó nù ún.