Alùpùpù Tó Mú Bàbá Mi Dọ̀bálẹ̀

Láàárọ̀ Sátidé, kí oorun tó dá lójú mi, òórùn epo pẹtiróòlù ti gba gbogbo yàrá wa ní Ajégúnlẹ̀. Bàbá mi ló ń nu páwà-báìkì rẹ̀. Ní Àpápá, níbi tó ti ń báni gba ẹrù jáde, ló ti rà á láti inú kọ̀ǹtẹ́nà. Alùpùpù pupa ni, ìdí rẹ̀ ga sókè, orí rẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀ bí àgbò tó fẹ́ kàn. Wọ́n ní ó lè sáré ju mọ́tò lọ. Ó lè jẹ́ òótọ́, àmọ́ àwọn tírélà tó dí Malu Road kò jẹ́ ká mọ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé èèyàn kò lè nàró jókòó lórí rẹ̀, àfi kó da àyà dé e. Bẹ́ẹ̀ bàbá mi kì í tẹríba fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ ìdána wọn, nítorí agbádá funfun tó wọ̀, ńṣe ló kàn kúnlẹ̀ fún bàbá ìyá mi, kò dọ̀bálẹ̀, bàbá àgbà kò sì gbàgbé. Ìyá mi a máa sọ pé, "Ẹni tí kò dọ̀bálẹ̀ fún àna, irin ló wá ń dọ̀bálẹ̀ fún." Bí bàbá mi bá sì ń kọjá ní Boundary, àwọn ìyá àgbà tó wà níwájú ìsọ̀ á rò pé ńṣe ló ń dọ̀bálẹ̀ kí àwọn, wọ́n á máa dá a lóhùn: "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ dáadáa. Wàá pẹ́ láyé."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Ó gbé alùpùpù lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń jó irin ní Malu Road, ó ní kí wọ́n yọ ọwọ́ rẹ̀, kí wọ́n jó ọwọ́ ọ̀kadà mọ́ ọn, kí àgbàlagbà lè jókòó bí àgbàlagbà. Wọ́n tún gbé tìmùtìmù sẹ́yìn fún ìyá mi. Nígbà tó gùn ún délé, ó dà bí ọba tó gun ewúrẹ́. Ó ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo tún orí rẹ̀ ṣe ni."

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé ìyá mi, ọwọ́ tuntun náà yí, gọ́tà ló sì gbà wọ́n lálejò. Ìyá mi, tòun ti ẹrẹ̀ lára, di ẹrù, ó kọrí sílé bàbá rẹ̀ ní Ìkòròdú. "Ọjọ́ tí nǹkan yìí bá kúrò nílé ni màá padà." Mo sunkún gan-an. Ẹ̀bà bàbá mi, kókó rẹ̀ ju ẹ̀bà fúnra rẹ̀ lọ.

Títà wá di iṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ páwà-báìkì á wò ó, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, na who spoil am like dis?" Ọlọ́kadà á ní òun ò lágbára epo tó ń mu. Nígbà tó yá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní òun máa rà á, tí wọ́n bá lè dá ọwọ́ rẹ̀ àtijọ́ padà, kí bàbá mi sì gùn ún lójú òun. Bàbá mi wò mí, ó wo ìkòkò ẹ̀bà, ó fa ọwọ́ àtijọ́ yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Lọ́jọ́ tí oníbàárà padà wá, bàbá mi dé akoto, ó da àyà dé alùpùpù, ó sì yípo àdúgbò. Bó ṣe ń padà bọ̀, ìyá mi àti bàbá àgbà, tó fẹ́ wá parí ìjà, ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ lẹ́nu géètì. Bàbá mi tẹ bíréèkì níwájú wọn gẹ́lẹ́. Ẹ̀rù ò jẹ́ kó gbéra. Ojú bàbá àgbà ò ríran dáadáa mọ́; ohun tó rí ni àna rẹ̀ tó na gbalaja níwájú òun. Ó rọra fi ọ̀pá kan akoto náà.

"Ó ti tó. Dìde, ọmọ mi. Mo ti gbàgbé ẹ̀."

Bàbá mi la ẹnu láti ṣàlàyé. Ìyá mi wò ó. Bàbá mi ní, "Ẹ ṣeun, sà."

Oníbàárà gbé alùpùpù rẹ̀ lọ, ìyá mi gbé ìkòkò kaná. Inú mi dùn débi pé mo ń sín bàbá mi jẹ títí ilẹ̀ fi ṣú, tí mo ń dọ̀bálẹ̀ lórí àpótí.

Mo ti tó ọjọ́ orí rẹ̀ ìgbà yẹn báyìí. Ọ́fíìsì ni mo wà ní Àpápá, ọ̀gá tí mo dàgbà jù ni mò ń dọ̀bálẹ̀ fún láràárọ̀, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe débi pé ṣẹ́ẹ̀tì mi kì í rún. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni bàbá mi dọ̀bálẹ̀ fún èèyàn láyé rẹ̀, àṣìṣe ni, wọ́n sì ní kó dìde. Èmi ṣì wà nílẹ̀.