Gbọ̀ngàn Eré Wa ní Ìkòsì

Òórùn ọ̀dà tuntun ló gbá mi nímú láàárọ̀ àná bí mo ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn eré wa ní Ìkòsì.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ bí ilé yẹn ṣe débẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìta gbangba la ti ń ṣeré orí ìtàgé. Bí òjò bá ti ṣú, a ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìgbà tó sú àwọn òbí wa ni wọ́n pinnu láti kọ́lé fún wa. Àwọn onílẹ̀ yọ̀ǹda igun ilẹ̀ kan. Bíríkìlà ará Ọ̀yọ́ mọ ògiri láìgba kọ́bọ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń já tòmátì ní Mile 12 fún wa ní pákó ara ọkọ̀ àlòkù, òun la fi kan ìtàgé, tó fi jẹ́ pé ọba inú eré wa kì í gúnwà kí tòmátì má rùn lábẹ́ ẹ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan mú abala ìró kan wá, Ìyá Múfú aránṣọ sì rán gbogbo ẹ̀ pọ̀ di kọ́tìnì. Ìró ìyá mi wà níbẹ̀, aláwọ̀ ewé. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yin Ìyá Múfú lórí ìtàgé, ẹ̀yìn ló ti pariwo:

"Ẹ má dárúkọ mi o jàre! Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ ṣeré!"

Lọ́dún yìí, ọ̀gá kan láti Magodo ní òun fẹ́ ran àṣà lọ́wọ́. A dúpẹ́, a ṣàdúrà fún un. Ó kun ilé, ó so fáànù. Ló bá ju kọ́tìnì wa sọ́kọ̀ ìdọ̀tí, ó fi bánà tó ya ojú ara ẹ̀ sí rọ́pò. Lọ́jọ́ ìṣílé, ọmọ kan ń sunkún òkú lórí ìtàgé, àwòrán ọ̀gá gàgàrà ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ẹ̀. Ó kó mi nírìíra. Àwọn àgbà ní bí a bá ṣoore, a kì í lóṣòó tì í; eléyìí ò tilẹ̀ lóṣòó, ẹní ló tẹ́ síbẹ̀.

Láná, ilẹ̀kùn wà ní títì pa. Ẹ̀ṣọ́ tó fi síbẹ̀ ní, "Mummy, ẹ má bínú. Ọ̀gá ní káwọn ọmọ má wọlé mọ́, wọ́n á dọ̀tí wall."

Mo tutọ́ sílẹ̀.

Níta, àwọn ọmọ ń ṣeré wọn lọ nínú oòrùn. Aláta kan ti gbé bẹ́ǹṣì ẹ̀ fún wọn, òun fúnra ẹ̀ wà lórí ìdúró, ó ń tajà. Ayé ti yí, àmọ́ irú Ìyá Múfú ò tíì tán. Ẹ̀yin tí Ọlọ́run bá bù kún lọ́la, ẹ fún eré àti àṣà ní nǹkan. Tẹ́ ẹ bá sì fún àwọn ọmọ nílé, ẹ fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀.