Ẹkùrọ́ Mẹ́ta fún Ìdí-Ò-Gbélẹ̀

Òórùn kòkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú jáde lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló máa ń jí mi ní Ìpáò nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ẹni tí kò bá gbé ilé olóko kòkó rí lè má mọ òórùn náà. Ó kan díẹ̀, ó dùn díẹ̀, bí ẹmu àná tí wọ́n gbàgbé sínú agbè. Bàbá mi á ti tẹ́ ẹní sí àgbàlá, á ti da kòkó lé e lórí, á sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ ká díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá ti gbúròó ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ti fò dìde nìyẹn. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà lápá Ìkọ̀lé àti Ọ̀yẹ́ ò ní bá mi jiyàn: kò sí àárọ̀ tó dùn tó àárọ̀ ìgbà kòkó.

Wàhálà mi kan ṣoṣo ni pé ìdí mi kì í gbélẹ̀. Mi ò sọ àsọdùn o. Mo lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ mi lórí àpótí nínú ilé, kí n jẹ ẹ́ dé ìdajì lẹ́nu ọ̀nà, kí n sì gbàgbé ìyókù sórí ògiri Ìyá Àgbà tó ń gbé lódìkejì wa. Bí wọ́n bá rán mi lọ ra iyọ̀, mo lè mú alùbọ́sà bọ̀. Nígbà mìíràn, mi ò ní mú nǹkan kan bọ̀ rárá, àfi ìròyìn ajá tó bímọ sí ẹ̀yìn ilé ẹlòmíràn. Ní kíláàsì, tíṣà wa á ní kí n jókòó. Kó tó kọjú sí pátákó, mo ti wà lójú fèrèsé. Òun ló sọ mí ní Ìdí-ò-gbélẹ̀, kò sì pẹ́ tí gbogbo ìlú fi gbàgbé pé Fúnmikẹ́ ni wọ́n sọ mí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Kí n má parọ́, mo fẹ́ràn orúkọ náà níbẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé èébú ni.

Yèyé mi kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Bí àwọn aládùúgbò bá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn." Òun náà kì í jókòó pẹ́. Á gbéra ọjà, á padà wá mú apẹ̀rẹ̀. Á tún lọ, á tún padà wá mú ìborùn. A gbà pé iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Kókó kékeré kan sì máa ń wà létí ìró rẹ̀ nígbà gbogbo. Ó dá èmi àti Délé ẹ̀gbọ́n mi lójú pé owó àkàrà ló wà nínú rẹ̀, ó sì máa ń dùn wá gan-an pé kì í tú u fún wa.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Bàbá àti Yèyé lọ sóko, Délé bá wọn lọ. Wọ́n fi kòkó sílẹ̀ fún mi. Iṣẹ́ mi kò ju mẹ́ta lọ: kí n máa ro kòkó kó lè tètè gbẹ, kí n máa lé ewúrẹ́, kí n sì ká ẹní kíákíá bí ojú ọjọ́ bá ṣú. Mo ro kòkó lẹ́ẹ̀kan. Mo lé ewúrẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà náà ni mo rí àwọn ìjàlọ tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí wọ́n gbé ìyẹ́ tata kan dání bí àwọn tó ń gbé ilẹ̀kùn. Mo kàn fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ń gbé e lọ ni. Mo tẹ̀ lé wọn gba ẹ̀yìn ilé ìdáná, mo tẹ̀ lé wọn gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì kúnlẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn kan. Bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀, àánú àwọn ìjàlọ ló kọ́kọ́ ṣe mí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọkàn mi tó sọ pé, "Kòkó ńkọ́?"

Nígbà tí mo fi máa sáré délé, kòkó ti ń bá àgbàrá lọ. Àwọn ewúrẹ́ dúró sábẹ́ àjà, wọ́n ń jẹnu, wọ́n sì ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo dé bá wọn nílé. A ṣa èyí tí a lè ṣà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló bu. Bàbá mi kò nà mí. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ní, "Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ti sú mi." Ó dùn mí ju ẹgba lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀gá iléèwé wa ránṣẹ́ sí i pé òun kò ní jẹ́ kí n ṣe ìdánwò ìwọlé sí iléèwé girama bí àkókò bá tó, torí pé ọmọ tí kò lè jókòó kò lè kọ ìdánwò.

Mo lọ bá Yèyé nídìí òkúta tó fi ń pa ẹkùrọ́. Mo ní, "Yèyé, ṣé ọmọ burúkú ni mí?"

 Ó ń pa ẹkùrọ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó mú ẹyọ mẹ́ta tí kò tíì pa, ó ní, "Na ọwọ́ rẹ." Ó kó wọn sí mi lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Èyí ni kòkó. Èyí ni ewúrẹ́. Èyí ni òjò. Uṣẹ́ yòówù tí wọ́n bá rán ọ, kà á sí ọwọ́. Èyí tó o bá ti jẹ́, ju tirẹ̀ nù. Má wọ ulé títí ọwọ́ rẹ á fi ṣófo. Ohun tí orí bá ń jù nù, ọwọ́ á bá a dì í mú."

Ẹkùrọ́ mẹ́ta kún ọwọ́ mi débi pé ìka mi kò lè pàdé. Ṣùgbọ́n ẹ ò bá rí mi lọ́jọ́ kejì! Iyọ̀, ata, ìṣáná: mo ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ̀. Ìyá Àgbà jáde síta wá wò mí bí ẹni wo ọkọ̀ tuntun. Lóòótọ́, mo máa ń dé ìdí ọjà nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹkùrọ́ kan lọ́wọ́, kí n má mọ ohun tó dúró fún mọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ku nǹkan kan, mo sì ń sáré padà lọ bèèrè. Tẹ́lẹ̀, mi kì í mọ̀ pé ó ku nǹkan kan rárá.

Nígbà tí àkókò ìdánwò tó, Yèyé lọ bá ọ̀gá iléèwé. Mi ò mọ ohun tó sọ, àmọ́ ó lọ lẹ́ẹ̀mẹrin kí ọkùnrin náà tó gbà pé kí n kọ ọ́ lórí ìdúró, lápá ẹ̀yìn kíláàsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bí mo bá dáhùn ìbéèrè mẹ́wàá, màá mú ẹkùrọ́ kan láti àpò ọ̀tún sí àpò òsì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọ iléèwé girama ní Ìkọ̀lé. Bàbá mi tí ọ̀rọ̀ mi ti sú gbé mi kọ́rùn, ó ń jó yí àgbàlá ká, ó sì ń tẹ kòkó tútù mọ́lẹ̀ láìbìkítà.

Síbẹ̀, ìbéèrè tí mo bi Yèyé, pé ṣé ọmọ burúkú ni mí, kò ní ìdáhùn. Mo gbé e wọ ilé ọkọ, mo gbé e wọ iṣẹ́ tíṣà. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìkọ̀lé báyìí, lórí ìdúró, àwọn náà sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá jó ìkòkò ẹ̀wà, bí mo bá gbàgbé fóònù sínú takisí, ohùn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án náà á tún bèèrè.

Lọ́dún tó kọjá ni mo rí i lórí Wasáàpù pé àwọn olùwádìí kan ní yunifásítì tó wà ní Ọ̀yẹ́ ń wá àwọn àgbàlagbà tí ara wọn kì í sinmi, tí ọkàn wọn kì í sì í dúró sójú kan láti kékeré, ohun tí àwọn dókítà ń pè ní ADHD. Mo lọ. Wọ́n dé mi ní fìlà oníwáyà tó ń gbọ́ bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní kí n máa tẹ bọ́tìnì bí mo bá rí àmì kan, kí n má tẹ̀ ẹ́ bí mo bá rí òmíràn. Mo tẹ gbogbo rẹ̀. Tósìn, ọmọbìnrin tó ń ṣe ìwádìí náà, rẹ́rìn-ín, ó ní ó ku nǹkan kan: kí n mú ẹni tó mọ̀ mí ní kékeré wá. Láìsí ẹlẹ́rìí, wọn kò lè kà mí mọ́ àwọn tí wọ́n ń wá.

Mo mú Yèyé wá. Ó wọ léèsì, ó jókòó ṣánṣán.

"Ẹ kú ìrìn, màámi," ni Tósìn wí. "Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, ṣé wọ́n máa ń jókòó sójú kan?"

"Ọmọ mi? Á jókòó bí ọba."

"Ṣé wọ́n máa ń gbàgbé nǹkan tí ẹ bá rán wọn?"

"Kò gbàgbé rí."

Ẹnu yà mí, ọkàn mi sì bàjẹ́. Ìyá wo ló máa ba ọmọ rẹ̀ lórúkọ jẹ́ lójú àlejò, kí wọ́n tún máa kọ ọ́ sílẹ̀? Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ náà ló fẹ́ dínà ìdáhùn tí mo ti ń wá láti kékeré.

Tósìn rọra gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó fọwọ́ kan iwájú orí ara rẹ̀. "Màámi, ibí yìí ni apá ọpọlọ tó ń ní ká dúró, ká rántí ohun tí a fẹ́ ṣe. Ọpọlọ máa ń ránṣẹ́ sí ara rẹ̀. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ dopamíìnì, ó wà lára àwọn tó ń jẹ́ iṣẹ́ náà. Àwọn olùwádìí kò tíì mọ gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé iṣẹ́ yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ geere nínú orí àwọn kan."

Yèyé fọwọ́ kan iwájú orí tirẹ̀. "Ìránṣẹ́ inú orí ló ń ṣeré lọ́nà?"

"Ẹ lè pè é bẹ́ẹ̀, mà."

"Kì í ṣe ìwà burúkú?"

"Rárá o, màámi."

"Kì í ṣe pé mi ò kọ́ ọ ní ulé?"

"Rárá. Wọ́n bí i mọ́ wọn ni."

"Mú bírò rẹ," ni Yèyé wí.

Ha! Ó sọ ti ẹ̀kọ orí ògiri, ó sọ ti alùbọ́sà, ó sọ ti ìjàlọ. Ó dìde láti fi bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹnu hàn wá. Ó jókòó, ó tún dìde lọ wo ojú fèrèsé, ó padà wá sọ ti ẹkùrọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mi ò sì mọ ìgbà tí ẹ̀rín náà di ẹkún. Tósìn kọ ìwé títí, lẹ́yìn náà ló rọra bèèrè pé, "Màámi, ó máa ń wà nínú ìdílé nígbà mìíràn. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Yèyé wo àga rẹ̀ tó ṣófo, ó wo ibi tí òun dúró sí. Ó fa etí ìró rẹ̀ yọ, ó tú kókó tí èmi àti Délé fi ọdún púpọ̀ retí àkàrà nínú rẹ̀. Ẹkùrọ́ mẹ́ta ló bọ́ síta.

"Ìyá mi ló kọ́ mi," ló wí. "Èyí, kí n lo oògùn mi. Èyí, kí n ra usu bí a bá ń padà lọ. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí, kí n má baà gbàgbé pé mi ò gbọdọ̀ sọ nǹkan kan tó burú nípa rẹ níbí." Ó bú sẹ́rìn-ín. "Mo sì gbàgbé!"

Ó fi ẹlẹ́ẹ̀kẹta náà sí mi lọ́wọ́. Ọwọ́ tí ẹkùrọ́ mẹ́ta kún nígbà kan ti tóbi débi pé ẹyọ kan lè sọnù sínú rẹ̀. Nínú takisí, mo di ọwọ́ náà pa, mo sì ń sọ ọ́ sínú fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó kúnlẹ̀ sábẹ́ igi ọsàn: o kì í ṣe ọmọ burúkú, Fúnmikẹ́, ọmọ Yèyé rẹ ni ọ́. A dé Ìkọ̀lé ká tó rántí pé a kò ra iṣu.