Ẹnu Mi Ò Ní Pe Babátúndé

Àpá kan wà lẹ́yìn mi. Ó bẹ̀rẹ̀ láti èjìká, ó sì wọ́ dé ìbàdí. Kò sí ará Bantè tí kò mọ ìtàn àpá yìí, àmọ́ ìtàn tí wọ́n mọ̀ ò dọ́gba. Àwọn kan gbọ́ pé àmọ̀tẹ́kùn ló ha mí lóko Gouka, tí mo sì fa ìrù ẹ̀ títí tó fi ń bẹ̀ mí. Ìyàwó mi gbọ́ pé àrá ló ṣìnà gba ẹ̀yìn mi kọjá, tó sì tọrọ àforíjì. Mi ò kàwé jìnnà, ṣùgbọ́n tó bá di irọ́ pípa, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá fún mi níwèé ẹ̀rí.

Lọ́dún tó kọjá ni bàbá mi kú. Ó gbó débi pé ikú ti gbàgbé ojúlé ẹ̀. Láàárín oṣù kan náà, ìyàwó ọmọ-ọmọ mi bí ọkùnrin. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: àgbàlagbà kú, ọkùnrin dé tẹ̀ lé e, orúkọ ti wà nílẹ̀ nìyẹn. Bàbá ti tún dé. Nílé wa, ọkùnrin tó dàgbà jù ló ń kọ́kọ́ pe orúkọ sí ọmọ létí. Tí kò bá tíì pè é, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ pè é. Èmi ni ipò yẹn kàn báyìí.

Lọ́jọ́ ìkómọ, omi, iyọ̀ àti oyin ti wà lórí ẹní. Àbúrò bàbá mi obìnrin, ẹni kan ṣoṣo tó kù nínú àwọn àbúrò ẹ̀, fi ọ̀pá kàn mí lẹ́sẹ̀.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó yá. Pe Babátúndé."

"Mi ò pè é, Ìyá."

"Kí lo wí?"

"Ẹnu mi ò ní pè é. Ọkùnrin yẹn ò gbọdọ̀ tún dé sílé yìí."

"Ṣọ́ra o! Bàbá tó bí ẹ lò ń sọ bẹ́ẹ̀ sí!"

"Òun náà ló fẹ́ẹ̀ pa mí."

Mo bá sọ ọ́. Abúlé Koko la wà nígbà náà, mo ṣì kéré, ìyá mi ti kú. Mo jẹ́ kí ewúrẹ́ wọ inú abà, ó sì jẹ iṣu. Bàbá mi dè mí mọ́ òpó abà náà, ó fi rọ́bà táyà nà mí títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó jókòó, ó jẹun, ó fọwọ́, ó tún dìde. Kì í ṣe ọjọ́ yẹn nìkan. Ọjọ́ yẹn kàn ni àpá ẹ̀ gùn jù.

Ẹ̀rín sọ! Ọkùnrin Nàìjíríà tó ń ta epo ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa pàtẹ́wọ́.

"Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ o! Àmọ̀tẹ́kùn ti di bàbá lónìí!"

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ òótọ́ nípa ẹ̀yìn mi láyé mi nìyí, ẹ̀rín ni wọ́n fi san án. Mo dúró. Mi ò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀pá Ìyá dún lulẹ̀. "Ẹ panu mọ́! Èmi ni mo fi òrí ra ẹ̀yìn ẹ̀. Èmi ni mo tú okùn, tí mo tì í wọ ọkọ̀ akóṣu tó ń lọ sí Savalou, kó lè rí ayé."

Obìnrin ẹ̀yà Mahi kan tó ń ta ẹ̀kọ àkàsà ní Savalou ló tọ́ mi dàgbà, kò sì gbé ọwọ́ sókè sí mi rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó rán mi síbẹ̀ ló jókòó níwájú mi yìí.

"Kí ló wá dé tí ẹ fẹ́ kí n pè é, Ìyá?"

Ohùn ẹ̀ rẹlẹ̀. "Ẹ̀rù ẹ̀ ṣì ń bà mí ni. Tí a ò bá pè é, tó bá bínú wá sẹ́nu ọ̀nà ńkọ́?"

"Ẹ sọ fún un pé ilé ti kún."

Mo gbé ọmọ náà, mo pe orúkọ mìíràn sí i létí. Tiẹ̀ ni, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ìyá ló kọ́kọ́ pè é lẹ́yìn mi, ó sì pè é sókè kí ará ìta lè gbọ́. Ọmọ náà figbe ta. Àwọn obìnrin dìde láti rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

"Ẹ fi í sílẹ̀," mo ní. "Ẹ jẹ́ kó ké, kó tẹ́ ẹ lọ́rùn."