Igi kékeré tí bàbá mi fi sílẹ̀

Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orúkọ igi tí bàbá mi fi sílẹ̀.

Òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ni wọ́n ní èbúté ọkọ̀ ojú omi Onne. Atukọ̀ ará Ṣáínà kan ló fún wọn ní igi náà. Ó rí bí igi àgbà, àmọ́ kò ga ju ìgò omi lọ. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á máa fi sísọ́ọ̀sì gé ẹ̀ka rẹ̀, wọ́n á ní fún àwa ọmọ tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, "Ẹ rọra o, ó dàgbà jù yín lọ."

Láti ìgbà tí wọ́n ti kú, inú yàrá ni màmá mi ń gbé e sí nílé wọn ní Elekahia. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀, ewé rẹ̀ ti ń já bọ́. Mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi Ibinabo, tó fẹ́ràn òdòdó.

"Na Chinese elm," ó fèsì. "See as the bark dey peel. E need sun. Carry am go outside, and no dey give am water if the sand never dry."

Mo bi màmá mi ìdí tí wọn kì í fi gbé e síta. Wọ́n ní, "Mi ò fẹ́ kí wọ́n jí i ni."

A jọ gbé e sí fàráńdà. Màmá mi fa àga bàbá mi síta, wọ́n jókòó ti igi náà. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí wọn níta bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni òbí yín fi sílẹ̀ tí ẹ ṣì ń tọ́jú?