Onígbàjámọ̀ Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Aṣọ́lé

Ẹgbẹ̀rún méjìlá owó ni ẹgbẹ́ jẹ onígbàjámọ̀, kò sì wù ú rárá kí wọ́n san án. Òun ló yọwó lápò ara rẹ̀ fún fọ́tò ńlá aṣọ́lé, gbajúgbajà agbábọ́ọ̀lù, tí wọ́n fẹ́ fi ta á lọ́rẹ, àti férémù onígi tí wọ́n fi ká a. Àpò ẹgbẹ́ gbẹ lọ́jọ́ náà, olúkúlùkù sì ń wo àjà ilé. Ó ti ṣírò rẹ̀: ogún orí ló gbọ́dọ̀ gé kó tó rí irú owó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè náà dùn mọ́ ọn ju owó lọ́wọ́ lọ. Níwọ̀n ìgbà tí ẹgbẹ́ bá ṣì jẹ ẹ́, ta ni yóò wò ó lójú pé kó dìde lórí àga iwájú?

Ẹgbẹ́ ọ̀hún, àwọn tó ń jẹ́ orúkọ aṣọ́lé ló dá a sílẹ̀. Aṣọ́lé yìí ni ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, tí bọ́ọ̀lù kì í kọjá rẹ̀ wọnú àwọ̀n. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní orúkọ àbísọ rẹ̀, àwọn kan ní ti bàbá rẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹyọ kan, ẹ̀yìn ló ń jókòó. Ẹni tó bá ní méjèèjì ló ni iwájú, onígbàjámọ̀ nìkan ló sì ní méjèèjì. Wọn kì í pe ara wọn lórúkọ ní ìpàdé, nítorí bí o bá pe ẹnì kan, gbogbo ilé ni yóò dáhùn. Iṣẹ́ ni wọ́n fi ń pe ara wọn: Nọ́ọ̀sì ni akọ̀wé, Awakọ̀ ni akápò, Onígbàjámọ̀ sì ni alága láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Nígbà tó kọ́ṣẹ́ irun, orúkọ rẹ̀ kò jẹ́ nǹkan kan. Orúkọ tí wọ́n fi ń pè é wá jẹun ni. Ìdajì orí oníbàárà kan ló ti gé lọ́jọ́ tí rédíò kọ́kọ́ pariwo orúkọ náà, pé ó ti gba pẹ́nárítì mú. Ó dúró gbọnrangandan tòun ti abẹ lọ́wọ́. Oníbàárà yíjú sí i, ó bi í bóyá òun náà ló ń ṣọ́lé níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí èrò fi kún ṣọ́ọ̀bù. Ó ra ọ̀dà pupa, ó kọ orúkọ méjèèjì sára ilẹ̀kùn. Láti ìgbà náà, bí aṣọ́lé bá ṣe dáadáa, ẹran á pọ̀ lọ́bẹ̀ ilé onígbàjámọ̀. Bí wọ́n bá sì gbá mẹ́ta wọlé, àwọn ènìyàn á yà wá bá a wí pé kí ló dé tó ń wo ibòmíràn. Ìyàwó rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Bàbá àwọn ọmọ mi, bọ́ọ̀lù tí ẹ ò fọwọ́ kàn ni ẹ̀ ń jẹ ẹ̀bi rẹ̀." Á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀bi náà dùn, orúkọ rẹ̀ ṣáà ni wọ́n ń dá.

Bó ṣe wà nìyẹn títí oníbúrẹ́dì fi kó dé àdúgbò.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó ga, apá rẹ̀ gùn bíi ti ẹni tó lè dá òpó kan mú kó na ọwọ́ kan òpó kejì. Orúkọ méjèèjì ló ní. Ilé kẹta sí ti onígbàjámọ̀ ló gbé ilé ìṣebúrẹ́dì rẹ̀ kalẹ̀ sí, ó sì kọ orúkọ náà sókè ilẹ̀kùn, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó ọmọ ọdún méjì. Àwọn tó máa ń kọjá tí wọ́n ń ké "Aṣọ́lé" sínú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké e síbi búrẹ́dì. Onígbàjámọ̀ á gbọ́ ọ, á gbé orí sókè láti dáhùn, kó tó rántí pé òun kọ́ ni wọ́n ń pè. Á wá dorí kodò sórí irun tó ń gé bí ẹni tó ń wá eṣinṣin. Lọ́jọ́ ìpàdé, oníbúrẹ́dì jókòó sí àga iwájú láìwojú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ohun tó dun onígbàjámọ̀ jù nìyẹn, pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ìròyìn wá dé pé aṣọ́lé ń bọ̀ wá ṣí pápá ìṣeré ilé ìwé, àti pé yóò ráyè rí ẹgbẹ́ ní gbọ̀ngàn. Ó kù kí wọ́n yan ẹni tí yóò gbé fọ́tò fún un. Onígbàjámọ̀ ti rán ṣòkòtò tuntun dè é. Nọ́ọ̀sì dìde, ó ní òun kò fẹ́ ṣẹ̀ sí alága o, ṣùgbọ́n férémù náà tóbi, bí alága bá gbé e dání, ẹsẹ̀ méjì nìkan ni ayé yóò rí nínú fọ́tò tí wọ́n bá yà. Ilé rẹ́rìn-ín. Wọ́n nawọ́ sókè, oníbúrẹ́dì ló wọlé.

Onígbàjámọ̀ kò jà. Ó kàn béèrè owó rẹ̀.

"Ẹgbẹ̀rún méjìlá mi," ó ní. "Kí férémù tó kúrò nílé mi."

Awakọ̀ tú àpò ẹgbẹ́ wò, kò rí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀. Ohun tí onígbàjámọ̀ ń retí gan-an nìyẹn, kí wọ́n bẹ̀ ẹ́, kí bíbẹ̀ náà sì yọrí sí pé kóun gan-an gbé e. Ṣùgbọ́n oníbúrẹ́dì ti kọwọ́ sápò. Ó ka owó náà sórí tábìlì, ìyẹ̀fun wà lára rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i.

"Bàbá, ẹ gbà á. Èmi àti ẹgbẹ́ á yanjú tiwa."

Ó gbà á. Kí ni ì bá ṣe? Gbogbo ọ̀nà ilé ni owó náà ń wúwo lápò rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé ẹni tó gbowó tó sì ń fajú ro báyìí, èlé ni wọn ò fi lé e ni? Wọ́n ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Oúnjẹ tó fi sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà tó ènìyàn méjì í jẹ.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí aṣọ́lé ń bọ̀, ta ló wọlé wá jókòó sórí àga ṣọ́ọ̀bù bí kò ṣe oníbúrẹ́dì. Ó ní kò sí ẹlòmíì tóun lè gbé orí òun fún lọ́jọ́ bí irú èyí. Onígbàjámọ̀ so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn, ó so ó le díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Orí náà wà níwájú rẹ̀, ọrùn wà lábẹ́ abẹ. Bó bá kàn jẹ́ kí ọwọ́ òun yẹ̀ díẹ̀ lókè etí, bí ẹni tí eku jẹ lórí ni ọmọkùnrin yìí yóò bá aṣọ́lé dúró nínú fọ́tò, títí ayé. Ó gbé abẹ síbẹ̀. Ó rò ó. Ó tún rò ó pé àwọn tó bá wo fọ́tò yóò béèrè ẹni tó gé e. Ó gé irun náà dáadáa, ó gé e dáadáa débi pé inú bí i sí ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tí oníbúrẹ́dì yọ owó, ó ní kó fi sápò.

"Ó di ìgbà mìíràn."

Kì í ṣe àánú. Ó fẹ́ kí ọmọ náà jẹ òun ní nǹkan ni.

Gbọ̀ngàn kún. Aṣọ́lé wọlé, ó ti sanra, orúnkún ń dà á láàmú, ó ń di àga mú bó ti ń rìn. Oníbúrẹ́dì gbé fọ́tò fún un, wọ́n ya wọ́n pọ̀, ènìyàn pàtẹ́wọ́. Onígbàjámọ̀ jókòó níwájú, eyín rẹ̀ pa pọ̀. Wọ́n wá ní kí àwọn ọmọ ilé ìwé béèrè ìbéèrè. Ọmọbìnrin kan dìde, ó bi aṣọ́lé bóyá òun ni bàbá olórin tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, àti bóyá ó lè bá àwọn pè é wá.

Olórin ọ̀hún kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún lọ. Orúkọ méjèèjì ló ní, kò sì bá aṣọ́lé tan. Gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀ ló ń kọ orin rẹ̀.

Ojú aṣọ́lé yí padà. "Èmi ni mo kọ́kọ́ jẹ́ ẹ," ó ní. Kò dákẹ́ síbẹ̀. Ó ní ní òtẹ́ẹ̀lì tóun sùn sí, ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ wá fajú ro nígbà tó rí i pé àgbàlagbà ló wọlé, kì í ṣe olórin. Ó ní kí olórin náà wá orúkọ tirẹ̀. Ó ní ta ló mọ orúkọ yìí kóun tó fi àyà gba bọ́ọ̀lù nítorí rẹ̀? Ó ń sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ń ga, àwọn olùkọ́ ń wolẹ̀.

Onígbàjámọ̀ gbé orí sókè. Ó mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Òun gan-an ló ń sọ ọ́ fún ìrọ̀rí rẹ̀ láti oṣù méje tí oníbúrẹ́dì ti dé, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Àṣé àìsàn náà dé òkè lọ́hùn-ún. Àṣé ẹni tó ni pápá, tó ni àwọ̀n, òun náà ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ń gbé orí sókè, kì í sì í ṣe òun ni wọ́n ń pè.

Nígbà tí aṣọ́lé ń lọ, ó gbé fọ́tò fún ẹni tó ń wa ọkọ̀ fún un láìwò ó. Ẹni yẹn fi í sẹ́yìn ọkọ̀, ó gbé táyà lé e.

Onígbàjámọ̀ àti oníbúrẹ́dì jọ rìn lọ sílé. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ọmọkùnrin náà dúró. Ó wá ní, "Bàbá, kò tiẹ̀ wo ojú mi. Ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ gbé e."

"Kó má wo ojú tèmi náà?" onígbàjámọ̀ ní. "Ó ṣeun tí o gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín púpọ̀. Lẹ́tà gìrìwò yẹn ṣì wà lókè ilẹ̀kùn ilé kẹta, ó sì ṣì ń ta á lójú. Oníbúrẹ́dì tún yọ ẹgbẹ̀ta owó irun, ó nà án sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, onígbàjámọ̀ gbà á, ó kà á, kò sì ká ọwọ́ rẹ̀ kò.

"Ó ku ọgọ́rùn-ún," ó ní.

"Ṣebí ẹgbẹ̀ta ni, Bàbá?"

"Ẹgbẹ̀ta ni orí ènìyàn. Tìẹ tóbi."

Oníbúrẹ́dì fi ọgọ́rùn-ún lé e, ó ń mi orí náà. Onígbàjámọ̀ ju owó sínú dúrọ́ọ̀, ó tì í. Kò sí ẹni tó jẹ ẹnì kejì ní nǹkan mọ́.